Kí Ẹ Tó Ra Dríìlì Oníbátìrì, Ẹ Wo Inú Bátìrì

Ẹ gba inú ọjà Ìkòtún kọjá lọ́sàn-án, kí ẹ ya ìsọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ wò. Dríìlì oníbátìrì ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́, nínú àpótí oníke dúdú, pẹ̀lú bítì àti síkúrù wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò yí i ká. Wọ́n kọ 12V sára ọ̀kan, 21V sára èkejì, 36V sára ẹ̀kẹta, 48V sára òmíràn. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ 88V sí, mo sì ti rí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fríídọ̀mù, tó fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, á wo 12V, á wo 48V, á ní èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ ni òun máa gbé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Ó sì máa ń dùn mí, nítorí owó tí ìyá ọmọ fi àjọ kó jọ ni wọ́n fẹ́ ná yẹn.

Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná àti wọ́díróòbù ni iṣẹ́ mi, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà ní Ìgàndó, kò jìnnà sí títì tó ti LASU bọ̀ wá sí Ìṣẹ́rí. Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò inú rẹ̀ pọ̀ jù ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé sì ń hù níbẹ̀ lójoojúmọ́. Láti Ẹgbẹ́dá dé Ìpájà, láti Ìdímù dé Ayọ̀bọ̀, ẹni tó kọ́lé fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni tó gba yàrá nínú ilé náà fẹ́ wọ́díróòbù. Dríìlì oníbátìrì ti di irinṣẹ́ tí kì í kúrò lọ́wọ́ wa: òun la fi ń lu ihò, òun la fi ń yí síkúrù wọlé, òun náà la fi ń tú u nígbà tí oníbàárà bá ní òun kò fẹ́ ilẹ̀kùn apá ibí mọ́.

Lójú tèmi, ẹni tó fẹ́ lo dríìlì nínú ṣọ́ọ̀bù kò nílò èyí tó tóbi. Kékeré tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ ojúlówó, tí bátìrì ọ̀hún sì jẹ́ méjì, á bá a ṣe é dalẹ́. Bátìrì ló yẹ kí ojú ẹni kọ́kọ́ lọ, ká tó wo dríìlì fúnra rẹ̀, ká tó wo nọ́ńbà gàdàgbà tí wọ́n tẹ̀ sára páálí.

Bí ẹ bá tú ike bátìrì dríìlì, sẹ́ẹ̀lì lẹ máa bá nínú rẹ̀, róbótó, ó nípọn tó àtàǹpàkò, wọ́n tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ so wọ́n pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ ní mílímítà 18, ó sì gùn ní 65. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń tún bátìrì ṣe ti ń pè é ní 18650. Sẹ́ẹ̀lì kan ń gbé fóltì 3.6 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún dáadáa, ó ń tó 4.2. Ẹ so mẹ́ta pọ̀, ẹ ó rí 10.8; tí wọ́n bá kún, 12.6. Ohun tí gbogbo ayé ń pè ní 12V nìyẹn. Ẹ so márùn-ún pọ̀, ẹ ó rí 18. Tí wọ́n bá kún, 21. Nítorí náà, 18V, 20V àti 21V, ọ̀kan náà ni wọ́n: sẹ́ẹ̀lì márùn-ún. Dríìlì DeWalt tí wọ́n ń tà sí Amẹ́ríkà, 20V ni wọ́n ń kọ sí i. Irú kan náà tí wọ́n ń tà sí Yúróòpù, 18V ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bosch náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ 10.8V sára dríìlì rẹ̀ tó kéré, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ 12V, sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta náà ló sì wà nínú bátìrì rẹ̀ síbẹ̀. Irọ́ kò sí nínú ìyẹn. Ẹnì kan ń ka iye tó wà nígbà tí bátìrì kún, ẹnì kejì ń ka iye tó fi ń ṣiṣẹ́.

Ti 48V yìí ńkọ́? Kí bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó jẹ́ 48V lóòótọ́, sẹ́ẹ̀lì mẹ́tàlá ni wọ́n máa so tẹ̀lé ara wọn. 88V á gba nǹkan bíi mẹ́rìnlélógún. Sẹ́ẹ̀lì kan ń wúwo tó gíráàmù 45, nítorí náà mẹ́rìnlélógún nìkan, láìtíì ka ike àti wáyà mọ́ ọn, ti ju kìlógíráàmù kan lọ. Bátìrì tí ẹ fi ìka méjì gbé kúrò lórí tábìlì kò lè jẹ́ 88V láéláé.

Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ alumíníọ̀mù nítòsí wa gbé 48V tirẹ̀ wá bá mi lọ́sẹ̀ tó rà á. Mo ní kó fi sára iná títí gílóòbù wẹ́wẹ́ ara ṣájà á fi di aláwọ̀ ewé. Mo mú mítà, mo yí i sí fóltì DC, mo fi abẹ́rẹ́ pupa kan irin tó ní àmì àròpọ̀, mo fi dúdú kan èkejì. Mítà kọ 20.6.

“Ọ̀gá, ṣé mítà yín ò tíì bàjẹ́ báyìí?”

“Gbé bátìrì tèmi yẹn wá.”

Tèmi tí wọ́n kọ 12V sí, mítà kọ 12.4. Ó gba mítà lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. 20.6 náà ni. Kò sọ nǹkan kan mọ́, ó kàn ń yí bátìrì náà síwá sẹ́yìn lọ́wọ́. Dríìlì rẹ̀ kì í ṣe èyí tí kò ṣiṣẹ́ o. Sẹ́ẹ̀lì márùn-ún lágbára tó fún iṣẹ́ alumíníọ̀mù. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó bá lè kọ 48 sórí ohun tó jẹ́ 18, kò sí ohun mìíràn tó kọ sára páálí náà tí èèyàn lè gbà gbọ́ mọ́. Mítà kì í wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ra dríìlì lè mú un lọ sọ́jà, kó wọn bátìrì níbẹ̀ kó tó sanwó. Òǹtajà tó bá ń bínú sí mítà, ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Nọ́ńbà kejì tó wà lára bátìrì ni Ah. Fóltì ń sọ bí iná ṣe ń tì í tó. Ah ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó tán. Tí ẹ bá sọ méjèèjì di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, ẹ ó rí iye iná tó wà nínú rẹ̀: 18V pẹ̀lú 2Ah jẹ́ 36Wh, 10.8V pẹ̀lú 2Ah jẹ́ 21.6Wh. Irọ́ pọ̀ síbí náà. Sẹ́ẹ̀lì 18650 tó dára jù, ibi tó lè dé kò kọjá nǹkan bíi 3.5Ah, àwọn tó ń ti iná jáde kíákíá gẹ́gẹ́ bí dríìlì ṣe ń fẹ́ kì í sì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá wá kọ 6Ah sára bátìrì pẹlẹbẹ tí sẹ́ẹ̀lì márùn-ún péré wà nínú rẹ̀, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá dòwò pọ̀. Bátìrì ojúlówó tó bá jẹ́ 4Ah sábà máa ń ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá, ìlà méjì lórí ara wọn, ọwọ́ sì máa ń mọ̀ ọ́n bó bá gbé e.

Ẹ máa rí i pé mi ò tíì sọ̀rọ̀ mótò, mi ò sọ̀rọ̀ gíà. Àwọn yẹn ti dára tipẹ́. Ilé iṣẹ́ Fein, ní ìlú Stuttgart ní Jámánì, ti ṣe dríìlì oníná tí ọwọ́ lè gbé ní 1895. Black & Decker, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Baltimore ní Amẹ́ríkà ní 1910, gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1917 lórí dríìlì tí ìmú rẹ̀ rí bíi ti ìbọn, tó sì ní ohun tí ìka ń fà. Irú ìmú yẹn náà la ṣì ń dì mú títí dòní. Ní 1961, ilé iṣẹ́ kan náà gbé èyí tí kò ní wáyà jáde. Nígbà tó di 1971, àwọn tó wọ ọkọ̀ Apollo 15 lọ fi dríìlì oníbátìrì lu ilẹ̀ òṣùpá láti kó erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ wá sílé. Bátìrì ló kù tí kò bá wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Èyí tó wà nínú dríìlì tí wọ́n ń tà lọ́jà nígbà yẹn, níkẹ́lì àti kádíọ́mù ni wọ́n fi ń ṣe é. Fóltì 1.2 péré ni sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kan, nítorí náà 18V ń gba sẹ́ẹ̀lì márùndínlógún. Ó wúwo, iná inú rẹ̀ ń jò lọ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá gbé e sílẹ̀, májèlé sì ni kádíọ́mù. Ìgbà tó di nǹkan bíi 2005 ni Milwaukee àti Makita bẹ̀rẹ̀ sí í fi lítíọ́ọ̀mù sínú irinṣẹ́ ńlá, òun ló sì sọ dríìlì di ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan lò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Yúróòpù ti fòfin de bátìrì kádíọ́mù nínú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìparí 2016.

Ìdí tí mo fi ń rohìn èyí ni àwọn dríìlì tòkúnbọ̀. Tí ẹ bá ti Ìgàndó wọkọ̀ gba LASU jáde sí Ìyánà Ìbà, ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ kò jìnnà mọ́, ẹ ó sì rí dríìlì tó ti ìlú òyìnbó wá níbẹ̀, orúkọ ńlá ńlá lára wọn, owó wọn kò ga. Ẹ yẹ abẹ́ bátìrì wò. Tí ẹ bá rí Ni-Cd tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ dá a padà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Òyìnbó ti lo ayé bátìrì náà tán kó tó gbé e wọ kọ̀ǹténà, ẹ ò sì ní tètè rí òmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ẹ̀yìn ṣájà wò, níbi tí wọ́n kọ INPUT sí. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fóltì 120, tiwa jẹ́ 230. Tí ohun tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ 120V nìkan, ọjọ́ tí ẹ bá kì í bọ ihò iná ní Ìkòtún ni ọjọ́ tí èéfín máa jáde lára rẹ̀, àyàfi tí ẹ bá ra tiráńsífọ́mà tó ń fa iná wálẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 100-240V sí kò ní wàhálà kankan. Èyí tó bá ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá, iná wọn àti tiwa bára mu, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àwọn oníwáyà tí pọ́lọ́ọ̀gì wọn jẹ́ aláwọ̀ òféfèé. 110V ni àwọn yẹn, fún àwọn tó ń kọ́lé lọ́hùn-ún.

Ọ̀rọ̀ iná ló wá kàn báyìí, ibẹ̀ gan-an sì ni dríìlì oníbátìrì ti wúlò fún wa ní Alímọ̀ṣọ́. Ikeja Electric ló ń pín iná fún wa. Àdúgbò tó bá wà lórí Band A, àdéhùn ni pé wọ́n á rí iná ó kéré tán fún wákàtí 20 lójúmọ́. Band D, wákàtí 8. Band E, wákàtí 4. Láti oṣù kẹrin 2024 ni owó iná Band A sì ti fò sókè lọ́nà tó ba gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ́rù. Ṣọ́ọ̀bù méjì lè wà ní ojú títì kan náà, òpó iná kan yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀kan rí iná dọ́sàn-án, èkejì ń dúró de NẸ́PÀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, dríìlì oníwáyà tó ń jẹ wáàtì 600 tàbí 700 ni à ń lò, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn èèyàn ń pè ní “I pass my neighbour” a sì máa kérora bí a bá ti tẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn, owó epo ṣì ṣeé fara dà. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, lítà kan kò tó ₦200 ní Èkó. Nígbà tó fi máa di oṣù keje ọdún náà, ó ti di bíi ₦568, kò sì dúró síbẹ̀. Káfíńtà tó bá ń tan jẹnẹrétọ̀ torí pé ó fẹ́ lu ihò híńjì mẹ́rin kò lè jèrè nínú iṣẹ́ náà.

Bátìrì dríìlì kì í fẹ́ iná púpọ̀. Bátìrì ínfátà tó jẹ́ 12V, 220Ah, iná inú rẹ̀ ń lọ sí 2,640Wh; ìdajì rẹ̀ nìkan á kún bátìrì dríìlì 36Wh ju ìgbà ogún lọ. Kódà ẹni tí kò ní ínfátà lè bá aládùúgbò tó ní sólà sọ̀rọ̀, kó fi sára iná lọ́dọ̀ rẹ̀, inú ò ní bí ẹnikẹ́ni. Ibi tí ó ti yẹ kí a fojú sílẹ̀ ni ṣájà. Àwọn dríìlì olówó pọ́ọ́kú máa ń bá ṣájà wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wá, èyí tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn bátìrì. Tí ẹ bá ka ara rẹ̀, ẹ ó rí 0.4A tàbí 0.5A. Irú ìyẹn á gba wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kó tó kún bátìrì 2Ah. Tí àdúgbò yín bá wà lórí Band E, iná ọjọ́ kan gbáko ni bátìrì kan ṣoṣo jẹ yẹn. Ṣájà oníjókòó tó jẹ́ 2A á ṣe é láàárín wákàtí kan sí ọ̀kan ààbọ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ iná àdúgbò wọn yan ṣájà, torí NẸ́PÀ kò ní dúró dè wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wá wo iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Pákó HDF tí à ń lò fún kọ́bọ́ọ̀dù, nínípọn rẹ̀ jẹ́ 18mm. Síkúrù ínṣì kan ààbọ̀ tàbí méjì là ń fi so ó pọ̀. Ihò tí à ń kọ́kọ́ lu kí síkúrù má baà la ẹ̀gbẹ́ pákó kò ju 3mm lọ. Ihò tó tóbi jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà ni ti híńjì ìgbàlódé, èyí tí ojú kì í rí bí ilẹ̀kùn bá ti padé: ihò róbótó 35mm, jíjìn rẹ̀ bíi 12mm, pẹ̀lú bítì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 8mm tàbí 10mm. Nítorí náà, dríìlì tí ẹnu rẹ̀ ń gba bítì 10mm ti tó. Agbára ìyípo, tí wọ́n ń fi Nm kọ, ti 12V tó dára máa ń wà láàárín 20 sí 35. Síkúrù ínṣì kan ààbọ̀ tí a ti lu ihò dè kò fẹ́ tó 10. Kódà ìrókò àti àpá, tó le bí irin, 12V á yí síkúrù wọ inú wọn, bí a bá ti fi sùúrù lu ihò fún un. Ẹni tó bá sì ti forí bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù rí, tó ń wá bó ṣe máa yí síkúrù igun tó jìn jù lọ́hùn-ún, á mọ̀ pé orí dríìlì tó kúrú níyì ju agbára lọ. 12V pẹ̀lú bátìrì rẹ̀ jẹ́ bíi kìlógíráàmù kan. Èyí tó ní àmì òòlù àti bátìrì ńlá ń sún mọ́ méjì. Ẹ gbé méjèèjì sókè orí títí ẹ ó fi so kọ́bọ́ọ̀dù òkè kan tán, ejìká yín á sọ ìyókù.

Àmì òòlù yẹn, fún ògiri ni. Ká sọ òótọ́, ọjọ́ tí a bá lọ so kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù, a nílò rẹ̀, torí a ní láti lu ihò fíṣà. (Artur Fischer, ará Jámánì, ló ṣe fíṣà oníke yẹn jáde ní 1958, orúkọ rẹ̀ la sì ń pè lójoojúmọ́ ní gbogbo ilé tí à ń wọ̀.) Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sí búlọ́ọ̀kù. Tó bá sì wá di àtẹ́rígbà ojú fèrèsé tí wọ́n da kọnkéré sí, òòlù kékeré ara dríìlì oníbátìrì kò lè ṣe é. Ẹ̀rọ kọnkéré oníwáyà gidi ló máa ṣe é. Ẹ yá tẹnìkan lọ́jọ́ náà. Kò yẹ kí ẹ máa gbé ẹrù ògiri kiri láti Ajé dé Jímọ̀ nítorí iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé.

Ohun kan wà lára dríìlì tí ọ̀pọ̀ káfíńtà kì í fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á: òrùka tó wà lọ́rùn rẹ̀, lẹ́yìn ẹnu tó ń gbá bítì mú. Nọ́ńbà yí i ká, láti 1 dé 15 tàbí 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwòrán bítì sì wà lẹ́yìn nọ́ńbà tó kẹ́yìn. Kílọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Àwọn tí mo ń sọ yìí máa ń fi í sí àwòrán bítì, ibẹ̀ ló sì máa ń wà títí dríìlì á fi kú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé síkúrù á wọlé tán, dríìlì kò ní dúró, á ṣì máa yí i, á jẹ inú HDF di ìyẹ̀fun, síkúrù á wá máa yí lófo. Wọ́n á ní pákó ni kò dára. Bí mo bá ń so híńjì, nọ́ńbà 4 tàbí 5 ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, lórí gíà 1, tó ń yí bíi ìgbà 400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo fi orí bítì sínú àgbélébùú síkúrù, mo fi àtẹ́lẹwọ́ òsì ti ẹ̀yìn dríìlì díẹ̀, mo fà á jẹ́jẹ́. Síkúrù á máa rì, orí rẹ̀ á bá ojú híńjì dọ́gba, dríìlì á wá ké kà-kà-kà, bítì á dúró gbọn-in bí mótò tilẹ̀ ń yí. Mo jáwọ́. Tó bá ké kí orí síkúrù tó wọlé tán, mo fi nọ́ńbà kan kún un. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ti gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀kan, tó sì mọ ohun tó ń wí, kì í ba híńjì jẹ́ mọ́. Dríìlì tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò bá ké ní nọ́ńbà 1, ẹ má rà á.

Brushless ni àwọn òǹtajà fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ báyìí. Mótò tí kò ní kábọ́ọ̀nù ni. Ó dára lóòótọ́: kì í jẹ bátìrì púpọ̀, kì í tètè gbóná, ó sì máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá bàjẹ́, bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ló sábà máa ń kú, àtirí ẹni tó máa tún un ṣe kò rọrùn. Oníkábọ́ọ̀nù, ẹni tó mọṣẹ́ lè pààrọ̀ kábọ́ọ̀nù rẹ̀ bí ẹ ti dúró dè é. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ní èrò tèmi, kó ra oníkábọ́ọ̀nù, kó fi owó tó ṣẹ́kù ra bátìrì kejì.

Bátìrì kejì yẹn ni mo ń pa mọ́ bọ̀ látàárọ̀. Bátìrì ni dríìlì fi ń kú. Mótò á ṣì dá ṣáṣá, gíà á ṣì wà, bátìrì á ti lọ. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín níwájú òǹtajà ni: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń ta bátìrì rẹ̀ lọ́tọ̀? Ẹ jẹ́ kí n rí i.” Kó gbé e wá, kí ẹ fi í sẹ́nu dríìlì náà, kó wọlé kó sì ṣiṣẹ́. Tó bá ní á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sí bátìrì nìyẹn. INGCO àti Total wọ́pọ̀ ní Èkó, Bosch, Makita àti DeWalt náà wà fún ẹni tí owó rẹ̀ gbé e. Èyí tí ẹ bá mú, ẹ mọ̀ pé ilé bátìrì lẹ wọ̀ yẹn: ẹ̀rọ tó ń gé pákó, èyí tó ń fi yanrìn dán an, tí ẹ bá ra ti ilé iṣẹ́ kan náà tí fóltì wọn bára mu, bátìrì kan lè ṣe gbogbo wọn, ẹ ó sì lè ra ẹ̀rọ láìní bátìrì. Dọ́là tó jẹ́ bíi ₦460 lọ́wọ́ ìjọba kí oṣù kẹfà 2023 tó dé kọjá ₦1,500 ní 2024, gbogbo irinṣẹ́ wọ̀nyí sì ń ti òkè òkun wá. Kò sí káfíńtà tó lágbára láti máa yí ilé bátìrì padà lọ́dọọdún. Ayédèrú bátìrì tó ń jẹ́ orúkọ ńlá náà sì pọ̀ lọ́jà. Mítà àti ìwọ̀n ọwọ́ yín ló máa gbà yín.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi bítì tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn sí i lẹ́nu. Ẹ fà á díẹ̀díẹ̀, ẹ tẹjú mọ́ ẹnu bítì. Tó bá dúró sójú kan bó ti ń yí, ẹnu dríìlì gún. Tó bá ń ya òrùka róbótó nínú afẹ́fẹ́, gbogbo ihò tó bá lu ni yóò fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fà á wéré kí ẹ sì jáwọ́. Ojúlówó á dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó ń tẹ̀lé ìka, kó yí jẹ́jẹ́ bí ìka bá rọ̀, kó sáré bí ìka bá le.

Tí ẹ bá ti gbé e délé, ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù onípáànù ní oṣù kejì, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ẹ má gbé bátìrì sórí àjà abẹ́ páànù, ẹ má fi í sínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn. Tó bá ṣiṣẹ́ tó gbóná, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó fi sára iná. Kò sídìí pé ẹ gbọ́dọ̀ lò ó tán pátápátá kí ẹ tó kún un. Ti kádíọ́mù nìyẹn, àwọn ọ̀gá wa kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nítorí bátìrì ayé wọn. Lítíọ́ọ̀mù, tí ẹ bá ti gbọ́ pé agbára rẹ̀ ń rẹlẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Àwọn kan á ní àwọn lè pààrọ̀ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ fún yín. Ó ṣeé ṣe, mo sì mọ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ibo ni sẹ́ẹ̀lì ti wá. Inú bátìrì láàpù-tọ́ọ̀pù àlòkù ni ọ̀pọ̀ ti ń tú u. Sẹ́ẹ̀lì láàpù-tọ́ọ̀pù ń ti iná jáde díẹ̀díẹ̀. Dríìlì tó bá há sínú ìrókò ń fẹ́ ampere mẹ́wàá, ogún, lẹ́ẹ̀kan náà. Á gbóná, á wú, nígbà mìíràn á gbiná. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa dá bọ́ọ̀dù kékeré tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì padà sínú rẹ̀, torí àwọn kan máa ń yọ ọ́ sọnù kí iṣẹ́ lè yá. Èyí tó bá sì ti kú pátápátá, ẹ má jù ú sínú ìdọ̀tí, ẹ má sì dáná sun ún. Òkìtì ààtàn Solous wà ní Ìgàndó wa níbí, a mọ irú èéfín tó ń ti ibẹ̀ jáde nígbà tó bá gbiná. Àwọn tó ń ra àfọ́kù ẹ̀rọ ń gba bátìrì náà. Ẹ fi téèpù bo ẹnu irin rẹ̀ kí ẹ tó kó o fún wọn.

Bí òbí kan bá wá bi mí pé kí ni kí òun rà fún ọmọ òun tó fẹ́ ṣe fríídọ̀mù, ohun tí mo máa ń kọ sórí ìwé fún wọn ni: dríìlì 12V kan tó jẹ́ oníyíyí lásán, láìní òòlù, gíà méjì, ẹnu 10mm; bátìrì 2Ah méjì; ṣájà oníjókòó; bítì igi láti 3mm dé 8mm; bítì híńjì 35mm; orí bítì síkúrù bíi mẹ́wàá, nítorí àwọn yẹn tètè ń jẹ; àti mítà. Kí ọmọ náà fi máákà kọ 1 àti 2 sára bátìrì méjèèjì, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n rà wọ́n, kó sì máa lò wọ́n ní àlòyípo. Tí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ṣáájú èkejì, kó tètè gbé e padà lọ bá òǹtajà nígbà tí gàráńtì ṣì wà.